Àwọn Tó Relé ní Búlọ́ọ̀kù B

Ọjọ́ Ajé, 12 oṣù karùn-ún, 2025

Bọ́ọ̀dù Àjọ wa, àjọ tó ń bójú tó ilé ìjọba, jókòó lọ́jọ́ Ẹtì. Ohun tí wọ́n jẹ níbẹ̀, àwọn ló mọ̀ ọ́n. Àwa, iṣẹ́ la rí gbà. Wọ́n ní kí a wọ gbogbo ẹ̀sítéètì Àjọ ní Abuja láti ilé dé ilé, kí a mọ ẹni tó ń gbé ibẹ̀ gan-an. Fúláàtì tí ẹni tí a fún kò bá gbé ibẹ̀ mọ́, kí a lẹ sítíkà pupa mọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀, kí Àjọ gbà á padà, kí wọ́n tà á. Kí oṣù kẹfà tó parí ni o.

Mo bi Ọ̀gá Ọláníyan, dírẹ́kítọ̀ ẹ̀ka wa, pé báwo la ó ṣe mọ ẹni tó ti fi ilé sílẹ̀ yàtọ̀ sí ẹni tó kàn jáde. Ó wò mí láti òkè gíláàsì rẹ̀. "Ọláídé, ẹni tí kò sí nílé, kò sí nílé. Kí ló tún fẹ́ àlàyé níbẹ̀?"

Apo ni wọ́n pín fún mi, Ṣèyí ni wọ́n sì fi tì mí. Ọmọ dáadáa ni, ọmọ Ìjẹ̀bú tí wọ́n bí sí Garki níbí, ṣùgbọ́n Yorùbá rẹ̀ dà bí ẹ̀bà tí omi rẹ̀ kò hó. Ìrọ̀lẹ́ yìí ló kí mi ní "ẹ káàárọ̀, ma."

Òjò ṣú títí, kò rọ̀. Tòmátò tún ti wọ́n. Mo fi ata gígún se ọbẹ̀, Láníyì, ọkọ mi, sì jẹ ẹ́ láìsọ̀rọ̀, ọ̀nà tirẹ̀ nìyẹn láti rojọ́.

Ọjọ́rú, 14 oṣù karùn-ún

Apo. Mo gba Búlọ́ọ̀kù A, Ṣèyí gba B. Ojú olè ni wọ́n fi ń wò wá. Ọkùnrin kan ní kí n dúró kí òun pe lọ́yà òun. Ìyá kan fa ìwé tí wọ́n fi fún ọkọ rẹ̀ nílé jáde láti inú àpò ìrẹsì, ó sì dì í mú bí mo ṣe ń kà á, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án.

Ṣèyí parí tirẹ̀ kí n tó dé ìdajì tèmi. Mo bi í pé báwo ló ṣe yá a tó bẹ́ẹ̀. "Three of them have travelled, ma. But their people are very nice. One mama even gave me zobo."

Mo ní ó káre. Ẹsẹ̀ mi ti wú.

Ọjọ́ Ẹtì, 23 oṣù karùn-ún

Wọ́n ti lẹ àwọn sítíkà náà káàkiri Apo lánàá. Ẹni tí wọ́n bá lẹ̀ ẹ́ mọ́ lẹ́nu ọ̀nà ní oṣù kan péré láti wá rojọ́. Àwọn àlejò kan sì ti ń tẹ̀ lé ọkọ̀ Alága bọ́ọ̀dù wọ ẹ̀sítéètì. Mo rí wọn lónìí, wọ́n ń wo ilé bí ẹni ń wo àgbò ọdún, wọ́n ń gbá ògiri pẹ̀lú ọwọ́. Ẹnu yà mí. Sítíkà kò tíì gbẹ, àwọn oníbàárà ti dé.

Ọjọ́ Ajé, 26 oṣù karùn-ún

Mo ń yẹ iṣẹ́ Ṣèyí lórí Búlọ́ọ̀kù B wò, èyí tí wọ́n ti lẹ sítíkà lé lórí kí n tó buwọ́ lù ú. Alhaji Sànúsí, travelled. Ọ̀gbẹ́ni Adébíyì, travelled. Bàbá Olúwadárasími, travelled. Mo bi í pé níbo ni gbogbo wọn wọ́ lọ, àbí wọ́n jọ lọ sí Mẹ́kà ni.

"Home, ma. All of them went home."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ?"

"Their people. The mama that gave me zobo, she said it clearly: Alhaji ti relé."

Mo bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà wà lẹ́nu mi nígbà tí mo tún wo orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà. Mo ní, "Ṣèyí, ojú wo ni màmá náà fi sọ ọ́?"

Ó ní màmá náà ń wo ilẹ̀. Ó ní ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. Ó ní òun rò pé ó rẹ̀ ẹ́ ni.

Háà! Àgbà obìnrin wolẹ̀, ó ní ọkọ òun ti relé, ọmọ yìí sì kọ ọ́ pé ó wọ mọ́tò! Mo sọ fún un pé bí wọ́n bá sọ fún un pé arúgbó kan relé, "ẹ kú ìrọ́jú" ló yẹ kó sọ, kì í ṣe kó máa béèrè pé ìgbà wo ni yóò dé. Ṣèyí fi ọwọ́ bo ẹnu. "You mean they're dead? All three?"

Òkú la lẹ sítíkà mọ́ lẹ́nu ọ̀nà pé kò sí nílé.

Ohun tó tún wá gbé mi lọ́kàn jù ni òfin Àjọ fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá kú, aya rẹ̀ ló ni fúláàtì náà, kò sí bọ́ọ̀dù tó lè lé e. Ẹni tó bá rìnrìn àjò ni ilé bọ́ mọ́ lọ́wọ́. Àwọn obìnrin yìí ní ẹ̀tọ́ tó pé, ọ̀rọ̀ ìtìjú kan ṣoṣo ló gbà á lọ́wọ́ wọn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 27 oṣù karùn-ún

Èmi nìkan ni mo lọ, n kò mú Ṣèyí dání.

Ilé Bàbá Olúwadárasími ni mo kọ́kọ́ yà. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu, ọkùnrin kan ń kun ògiri. Ìyá náà ti kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Lọ́kọ́ja lọ́jọ́ Àìkú. Ó rí sítíkà, ẹ̀rù bà á, ó lọ, kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Mo bi akunlé náà pé ta ló rán an. Ó ní, "One oga for Garki," ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Mo dúró níbẹ̀, mo ń wo ọ̀dà. Ọjọ́ méjì! Òkú ẹran kì í tètè rí igún tó bẹ́ẹ̀. Mo pe nọ́ńbà obìnrin náà títí, kò wọlé.

Lẹ́yìn náà ni mo lọ bá Ìyá Misturah, aya Alhaji Sànúsí. Ó jókòó ti firísà rẹ̀ lábẹ́ àtẹ̀gùn, níbi tó ti ń ta omi tútù àti sóbò. Sítíkà pupa wà lára ilẹ̀kùn rẹ̀ lókè.

"Ẹ káàbọ̀, Madam. Alhaji ń kí yín o."

Ọkùnrin tí kò mọ̀ mí rí. Mo ní, "Màmá, Alhaji dà?"

"Wọ́n relé."

"Ilé wo, Màmá?"

"Ìkirè."

"Ṣé a lè pè wọ́n lórí fóònù?"

Ó mú àkísà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu firísà tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. "Kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì níbi tí wọ́n wà," ó ní.

Mo ní kí a gòkè wọlé. Mo ti ilẹ̀kùn, mo sì sọ fún un ní ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ pé bó bá jẹ́ pé Alhaji ti ṣaláìsí ni, òun ló nilé. Òfin ni, kò sí ẹni tó lè fọwọ́ kàn án.

Ó ju àkísà sílẹ̀. "Láti ìgbà wo ni òfin yẹn ti wà?"

"Láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ ilé yìí, Màmá."

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kì í ṣe orí àga. Ó ní gbogbo ẹ̀sítéètì ló mọ̀ pé bí ọkọ bá lọ, ìjọba á lé aya jáde. Ta ló sọ fún wọn? Kò mọ̀. Gbogbo èèyàn ló ń sọ ọ́. Àjọ wa sì wà ní Garki, a jókòó lé òfin tiwa, a ò sọ fún ẹnì kan. Ó ní Ìkirè ló ti ṣẹlẹ̀, lọ́dún méjì sẹ́yìn, nígbà tí àwọn méjèèjì lọ kí ẹ̀gbọ́n Alhaji. Ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n ti fi Alhaji sí ilẹ̀. Òun padà sí Abuja lẹ́yìn ọjọ́ kẹta, òun fọ ojú, òun ṣí firísà. Kò ṣe tákàbá, oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá tí opó Mùsùlùmí í fi jókòó. Ẹnikẹ́ni kò kí i. Ọdún méjì ló fi ń ta sóbò, tó ń rẹ́rìn-ín, tó ń bá òkú kí ènìyàn.

"Ṣé bí mo bá ti sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn ni, n ò bá ti sinmi?" Ohun tó bi mí nìyẹn. Mo jókòó tì í lórí sìmẹ́ńtì náà títí òjò fi bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 29 oṣù karùn-ún

Ó ku Ọ̀gbẹ́ni Adébíyì, ará Kabba. Kenny, ọmọbìnrin rẹ̀ tó ń gbé fúláàtì náà, ló gbé fóònù. Èmi kì í ṣe ọmọ àìlẹ́kọ̀ọ́ tí yóò bi ọmọ léèrè pé ṣé bàbá rẹ̀ kú. Mo rọra ní, "Mo gbọ́ pé Bàbá relé."

"Yes ma, since February."

"Ẹ kú arafẹ́rakù o. Ẹ kú ìrọ́jú."

"Thank you ma. It's not easy o, but we're managing."

Ohùn rẹ̀ mọ́ kedere. Mo ní àwọn ọmọ ìwòyí lágbára. Mo bá ṣe àtúnṣe: mo yọ "travelled" kúrò, mo kọ ọ́ pé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti di olóògbé, mo buwọ́ lù ú, mo sì fi ránṣẹ́ sókè. Inú mi dùn bí ẹni tó gba ènìyàn lọ́wọ́ ẹkùn. Mo ra ṣúyà lọ sílé.

Ọjọ́ Ẹtì, 6 oṣù kẹfà

Iléyá. Ìyá Misturah fi ẹran ránṣẹ́ sí mi. Ẹni tó gbé e wá kàn ní, "Màmá ní kí ẹ jẹ ẹ́." Ìkíni kò tẹ̀ lé e látọ̀dọ̀ Alhaji. Mo jẹ ẹran náà, omi ń jáde lójú mi, Láníyì sì ń bi mí pé ṣé ata rẹ̀ pọ̀ jù ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10 oṣù kẹfà

Mo ń mu tíì ní ọ́fíìsì nígbà tí òkú wọlé.

Ọkùnrin gíga, fìlà rẹ̀ ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, eruku ọ̀nà wà lára rẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní gáréèjì Jabi ni, kò tíì dé ilé. Ó gbé báàgì rẹ̀ kalẹ̀ lórí tábìlì mi.

"Èwo nínú yín ló pa mí?"

Mo ní, "Ẹ káàárọ̀ sà. Ta lẹ jẹ́?"

"Èmi ni Adébíyì. Búlọ́ọ̀kù B. Olóògbé."

Ife bọ́ lọ́wọ́ mi. Òtítọ́ ni mo kọ yìí, ó bọ́, ó fọ́. Mo kúnlẹ̀ láàárín tíì náà.

Ẹ̀ka kan ní Àjọ wa kì í ṣe nǹkan kan ju kí wọ́n fi ìwé ìbánikẹ́dùn ránṣẹ́ lọ, àwọn nìkan ni iṣẹ́ wọn sì máa ń yá. Wọ́n ti fi ti Bàbá Adébíyì ránṣẹ́ sí ìdílé rẹ̀ ní Kabba. "Mo wà lórí òrùlé ilé bàbá mi," ó ní, "mò ń ṣọ́ káfíńtà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń bọ̀ nísàlẹ̀, ó ń ké, ó ń ju ara rẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo ní kí ló dé? Ó ní ìjọba ní mo kú. Mo ní kí ló pa mí? Ó ní wọn ò kọ ìyẹn síbẹ̀."

Wọ́n pe Kenny. Ó dé, ó sì dì mọ́ bàbá rẹ̀, ó ń bi í pé kí ló dé tí kò sọ pé òun ń bọ̀. Mo ní, "Kenny, ṣebí mo kí ọ lórí fóònù? Mo ní ẹ kú arafẹ́rakù."

"Yes ma. You said ara. I thought you were asking how is my body."

"Mo sì ní ẹ kú ìrọ́jú!"

"Because I'm doing all the cooking, ma."

Bàbá Adébíyì wo ọmọ rẹ̀, ó wò mí, ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó sì jókòó. "Ọmọ bíbí inú mi," ó ní, "kò mọ ikú mi yàtọ̀ sí ìrìn-àjò mi."

Ṣèyí dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fáìlì. "But I wrote travelled, ma," ó ní. Òótọ́ ló sọ. Àwọn ọmọ méjèèjì, òun àti Kenny, gbọ́ ara wọn yé. Èmi tí mo gbọ́ Yorùbá jù ni mo pa ènìyàn.

Ọjọ́rú, 11 oṣù kẹfà

Ọ̀gá Ọláníyan pè mí. "Ọláídé, àwọn òkú rẹ ti ń jí. Ṣé kí n ra ife sílẹ̀ de èyí tó kù?" Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín ní bọ́ọ̀dù, ó ní Alága rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Lẹ́yìn ẹ̀rín ni wọ́n fagi lé gbogbo àtúnṣe mi. Sítíkà Bàbá Adébíyì yóò kúrò, nítorí òun fúnra rẹ̀ ti wá jí níwájú wọn. Ti Ìyá Olúwadárasími, wọ́n ní ó ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde, ọ̀rọ̀ parí. Mo ní kò parí. Wọ́n ní ó parí.

Ó ku Ìyá Misturah. Ìwé tí ìmáàmù Ìkirè kọ pé òun sin Alhaji wà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn ti ń rí ìwé tó pọ̀ jù lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí. Ní ọjọ́ kẹrìnlélógún, òun fúnra rẹ̀ yóò wá síwájú bọ́ọ̀dù, wọn yóò bi í pé níbo ni ọkọ rẹ̀ wà, wọ́n sì fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Bí kò bá sọ ọ́, fúláàtì lọ. Èmi náà á sì lọ, nítorí wọ́n ti kọ kúẹ́rì fún mi pé mo purọ́ ikú mọ́ ènìyàn.

Ọjọ́ Ajé, 16 oṣù kẹfà

Ìyá Misturah kọ̀ jálẹ̀.

"Ẹ bá mi sọ ọ́, Madam."

"Wọn ò gba ikú lẹ́nu mi mọ́, Màmá. Mo ti pa alààyè."

Ó rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ẹ̀rín òtítọ́ lẹ́nu rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló sọ̀rọ̀. Ó ní láti ọjọ́ náà, òun kò tíì fi ẹnu òun pe ọ̀rọ̀ yẹn rí. Ní Ìkirè, àwọn ẹlòmíràn ló ń sọ ọ́, òun ń gbọ́ ni. "Bó bá ti ẹnu mi jáde, ó parí nìyẹn." Ó sì ń tijú àwọn ará ilé. Lọ́dún tó kọjá, Ìyá Démiládé tó wà nísàlẹ̀ ra ṣẹ́ẹ̀tì, ó ní kí ó bá òun fi ránṣẹ́ sí Alhaji. Òun gbà á, òun dúpẹ́, òun tún padà wá sọ fún un pé Alhaji ní ó bá òun mu gan-an. "Ojú wo ni mo fẹ́ fi wò ó?"

Mo bínú. Mo ní ojú tí yóò fi wò ó nígbà tí wọ́n bá kó ẹrù rẹ̀ sí ìta ńkọ́? Mo kúrò níbẹ̀ láìkí i dáadáa, mo sì ti ń kábàámọ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 21 oṣù kẹfà

Mo padà lọ. Mo tọrọ àforíjì, ó fún mi ní sóbò. Ọgbọ́n kan sì sọ sí mi lọ́kàn: mo ní kí ó fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́. Ṣebí Gẹ̀ẹ́sì ni bọ́ọ̀dù ń sọ.

"My husband is dead," ó ní. Wẹ́rẹ́. Bí ẹni ń pe iye tí omi tútù jẹ́.

Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ, ó tún un sọ, ó ń da omi sínú ọ̀rá bó ṣe ń sọ ọ́. Ẹnu yà mí.

"Gẹ̀ẹ́sì ò dùn mí, Madam," ó ní. "Bí ọ̀rọ̀ ọkọ ẹlòmíràn ló ṣe ń rí létí mi."

Ó ti yanjú. Mo sùn dáadáa fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí ife mi ti fọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 24 oṣù kẹfà

Mo fẹ́ kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀, kí n má baà gbàgbé.

Yàrá ìpàdé tutù bí inú firísà. Alága jókòó láàárín, àwọn ọmọ bọ́ọ̀dù yí i ká, Ọ̀gá Ọláníyan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ṣèyí ló gbé fáìlì dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá Misturah wọ híjáàbù funfun, ó jókòó sí etí àga.

Alága kò le. Ó ní, "Mama, good morning. Just one question. Where is your husband?"

"My husband," Ìyá Misturah ní. Ó dúró. Mo ń gbé ètè mi bá a sọ ọ́. "My husband is..."

Ọ̀gá Ọláníyan tẹ̀ síwájú. N kò rí i rí kí ó fi irú ojú bẹ́ẹ̀ wo ènìyàn. "Màmá," ó ní, "ẹ má da ara yín láàmú pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ fi Yorùbá wa sọ ọ́, èmi á bá yín túmọ̀ rẹ̀."

Àánú ló ṣe é o! Ọkùnrin tí kò ṣàánú ẹnikẹ́ni láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, òní ló yàn. Mo fẹ́ fò sókè dí i lẹ́nu.

Ìyá Misturah wò mí. Mi ò lè ràn án lọ́wọ́. Ó wo tábìlì. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ pátápátá. "Alhaji," ó ní. "Alhaji ti re..."

Alága mú bírò. "Travelled?" ó ní.

Mo rí bírò náà tó kan ìwé. Ìyá Misturah náà rí i. Ó dìde, àga ṣubú lẹ́yìn rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbá tábìlì àwọn olówó yẹn.

"Ó kú! Sànúsí kú! Ọkọ mi ti kú o!"

Obìnrin tó ń pe ọkọ rẹ̀ ní "wọ́n" láti ọjọ́ ìgbéyàwó, ó pe orúkọ rẹ̀ ní gbangba láàárín àlejò. Lẹ́yìn náà ni ẹkún dé. N kò gbọ́ irú rẹ̀ rí, mo sì ti lọ sí ilé òkú púpọ̀. Ẹkún ọdún méjì ni, ó ń jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó ṣubú lulẹ̀, mo sì dì í mọ́ra níbẹ̀.

"Mr. Ọláníyan," Alága ní, "what did she say?"

Ọ̀gá Ọláníyan ti bọ́ gíláàsì rẹ̀. Ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ṣèyí ló sọ̀rọ̀ láti ẹnu ọ̀nà.

"He's dead, sir. She said he's dead."

Alága dìde, àwọn yòókù dìde, wọ́n sì dúró bẹ́ẹ̀ títí Màmá fi lè mí. Wọ́n kọ fúláàtì náà sí orúkọ rẹ̀ kí a tó kúrò níbẹ̀. Ọ̀gá ya kúẹ́rì mi lójú mi, ó jù ú sínú garawa. N kò tilẹ̀ rántí dúpẹ́.

Tákísì ni èmi àti Ìyá Misturah gbà padà sí Apo. Òjò ń pa gíláàsì ọkọ̀, onímọ́tò sì pa rédíò rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnì kan bẹ̀ ẹ́. Nígbà tí a dé ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn Búlọ́ọ̀kù B, Màmá di ọwọ́ mi mú.

"Ẹ bá mi sọ fún wọn," ó ní. "N kò lè sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì."

Ó gòkè wọlé. Mo kan ilẹ̀kùn Ìyá Démiládé. Ó jáde pẹ̀lú ọwọ́ tó kún fún ìyẹ̀fun, ó ń rẹ́rìn-ín sí mi. Mo kí i. Mo ní Alhaji Sànúsí kú.

Ojú rẹ̀ yí padà. "Yéè! Alhaji wa? Nígbà wo?"

Mo la ẹnu láti ṣírò rẹ̀ fún un. Mo gbọ́ ẹkún Ìyá Misturah tó tún bẹ̀rẹ̀ lókè.

"Lónìí," ni mo sọ.

Ó tú gèlè rẹ̀ sílẹ̀, ó ké, ó sì ń sáré gun àtẹ̀gùn. Àwọn ilẹ̀kùn tó kù bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí.